Orin Tí Àtọ́kẹ́ Dá Kọ Níwájú Òkú

Àtọ́kẹ́, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ṣíjibòmí, mọ orin lé. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, obìnrin náà mọ̀ ọ́n. Bó bá gbé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Inísà, ẹni tó ń tòògbé á jí, ẹni tó ń bínú á rọ̀. Wọ́n ń wá a dé Ìkìrun, wọ́n ń wá a dé Òkúkù, bí wọ́n bá ń sìnkú tàbí tí wọ́n ń ṣe ìkórè.

Ṣùgbọ́n, ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, èèyàn lè máa fẹnu yin Ọlọ́run kó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ti Àtọ́kẹ́ rí. Akọrin tí kò bá kúnlẹ̀ kí i dáadáa kò ní rí orin kọ lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tó yá, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ, tọ̀tún ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ó rò pé àwọn ará ilé ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń bá wọn jà. Nígbà tó wá yé e pé etí òun ni, ó fi pa mọ́. Bó bá ti lé orin, á kọjú sí àwọn akọrin, á máa wo ẹnu wọn. Bí ẹnu wọn bá ti pa dé, á mọ̀ pé wọ́n ti gbè é tán, á sì lé òmíràn. Ọgbọ́n yìí ló fi ń tan gbogbo ìjọ, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

Ẹnu ẹlòmíì ṣeé wò, ohùn ara ẹni ni kò ṣeé wò. Ohùn Àtọ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà, òun nìkan ni kò mọ̀. Àwọn àgbà ìjọ ń wojú ara wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Ìyábọ̀dé, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, ló tọ̀ ọ́ lọ lẹ́yìn ìsìn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Orin ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín, mà?"

Inú rere lọmọ náà fi sọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ń fi nǹkan pa mọ́, ọ̀tá ló máa ka ẹni tó bá rí i sí.

Àtọ́kẹ́ gba Òkúkù lọ, ó lọ bá bàbá kan tó ń fi ewé àti egbò tọ́jú etí, Ifátóyìn lorúkọ wọn. Ìyá ìjọ tó fi ìborùn bojú ni o! Bàbá yẹ etí náà wò títí, wọ́n wá pariwo sí i létí pé, "Mi ò rí ọwọ́ ayé níbí. Etí ló ń kú. Ẹ gba ọsibítù lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn èèyàn yín."

Ohun tó fẹ́ gbọ́ kọ́ nìyẹn. Ó bá yà sọ́dọ̀ ọkùnrin kan lọ́nà Èkó-Ẹndẹ́ tó ń pe ara rẹ̀ ní wòlíì. Ìyẹn dijú, ó ní ọmọbìnrin pupa kan ló ń fa ohùn rẹ̀ mu. Ìyábọ̀dé pupa. Àtọ́kẹ́ ò béèrè nǹkan kan mọ́.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin, lójú gbogbo èèyàn, ó pe Ìyábọ̀dé ní àjẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí oṣù yẹn tó parí, ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ náà ti ránṣẹ́ pé àwọn ò ṣe mọ́. Ìyábọ̀dé kó ẹrù rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun, kò sì fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì kankan mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Ọlọ́run bá Àtọ́kẹ́ wí lọ́kàn, àmọ́ ó kọ etí ikún sí i, ó ń dúpẹ́ ìṣẹ́gun.

Kò pẹ́, ìyá Ìyábọ̀dé kú. Àwọn kan ní ìbànújẹ́ ọmọ ló pa wọ́n. Ọlọ́run ló mọ̀. Inísà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún màmá náà, nítorí náà akọrin Inísà ló máa sìn wọ́n dé ibojì. Ẹni tó bá lójútì ì bá ní ara òun ò yá. Àtọ́kẹ́ wọ aṣọ akọrin, ó lọ.

Lójú ọ̀nà ibojì, ẹni tó ń lé orin ló ń ṣíwájú. Pósí á tẹ̀ lé e, akọrin àti ẹbí á wà lẹ́yìn pósí. Ẹnu ta ni Àtọ́kẹ́ fẹ́ wò? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo ẹnu wà. Ó ń fọkàn díwọ̀n ìgbà tí wọ́n máa gbè é tán, ó ń lé òmíràn, ó ń jùwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Ìyábọ̀dé fi ṣubú lulẹ̀. Ó ń yí nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ń ké pé, "Ìyá mi, ẹ̀yin nìkan lẹ gbà mí gbọ́." Àwọn tó gbé pósí dúró. Orin kú lẹ́nu gbogbo èèyàn. Wọ́n pe Àtọ́kẹ́ títí, kò wẹ̀yìn. Ó ń kọrin lọ, ó ń mi ara, òun nìkan, títí ó fi dé ẹnu ibojì. Nígbà tó yíjú padà, kò rí òkú, kò rí akọrin. Ọ̀ọ́kán ló ti rí wọn, gbogbo wọn ń wò ó.

Ọlọ́rundáre, àbúrò olóògbé, sáré wá, ó nàka sí i lójú. "Ẹ ba ọmọ wọn lórúkọ jẹ́, ẹ tún ń jó níwájú òkú wọn?" Àtọ́kẹ́ ò gbọ́ ọ tán, ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀. Wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ó délé, kò lè jẹun. Bó bá ní òun ò gbọ́ràn, a jẹ́ pé òótọ́ ni Ìyábọ̀dé sọ, irọ́ lòun pa mọ́ ọn. Bó bá dákẹ́, a jẹ́ pé ìkà tó ń jó níwájú òkú ni. Ikú yá ju ẹ̀sín, ohun tó ń rò nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọlábímpé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọlé. Ó dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tàn sí ẹnu rẹ̀, ó rọra ń sọ̀rọ̀. "Ìyá Ṣíjibòmí, mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ nígbà tá a pè yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Àtọ́kẹ́ bú sẹ́kún. "Bá mi gbàdúrà kí etí mi là."

"Màá gbà á," Ọlábímpé dáhùn. "Àmọ́ àìsàn ni ti etí, Ọlọ́run ò ní bi yín nítorí ẹ̀. Irọ́ tẹ́ ẹ pa mọ́ ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Jésù kú fún òpùrọ́, ó kú fún agbéraga. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ ṣe fẹ́ni tó ní òun ò jẹ̀bi?"

Àtọ́kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀. "Olúwa, èmi ni. Ìyábọ̀dé kọ́. Jésù, ṣàánú mi, èmi ni." Ó tún un sọ títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó dìde, ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ó jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, ó bọ́ aṣọ akọrin sílẹ̀. Ó gba Ìkìrun lọ, àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà. Ìyábọ̀dé jáde sí i. Ó ní, "Mo ti gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti kú." Ó sì tilẹ̀kùn.

Mi ò ní tàn ọ́, ọ̀rẹ́ mi. Etí Àtọ́kẹ́ ò là títí dòní. Ẹ̀yìn ìjọ ló ń jókòó sí, àlàáfíà Ọlọ́run sì wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà gbogbo ló ń sunkún ohun kan: ká ní òun ti jẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí Ọlọ́run kọ́kọ́ bá òun wí, ìyá yẹn ì bá gbọ́ kó tó kú pé gbogbo ayé ti mọ̀ pé ọmọ òun ò jẹ̀bi.

Ìwọ ńkọ́? Ta lo purọ́ mọ́? Ta lo lé kúrò nílé Ọlọ́run nítorí ògo ara rẹ? Má ní o ṣì máa ronú sí i, má ní ó dọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yìí, sọ fún Jésù pé ìwọ ni. Bó o bá dìde, gba ilé onítọ̀hún lọ lónìí, kó tó di pé òkú ẹ̀ lo máa bá.