Ètè Támárì

Ilẹ̀ pákó ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà Támárì Haslam. Bí ẹ̀rọ ìhunṣọ bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ní Fall River, ìlú ahunṣọ kan ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó tún lè gbọ́ ohùn ẹnìkejì rẹ̀ títí fèrè oúnjẹ ọ̀sán yóò fi dún. Nítorí náà, àwọn ahunṣọ kì í fi ohùn sọ̀rọ̀, ètè ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Obìnrin á dúró nídìí ẹ̀rọ tirẹ̀, á la ẹnu, á pa á dé láìmú ohùn jáde, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lódìkejì á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú ariwo yẹn ni wọ́n ti ń ṣòfófó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bú ọ̀gá níwájú ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì yìí, ẹ̀rù ń ba Támárì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, àṣírí tó wà níkùn rẹ̀ sì ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ti gé owó iṣẹ́, wọ́n tún fi kún iye ẹ̀rọ tí ẹnì kan ń bójú tó. Ámósì, bàbá Támárì, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ ní bòńkẹ́lẹ́ kí wọ́n lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n máa pàdé lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, nínú abà tí wọ́n ń kó yìnyín sí létí adágún, abà náà ti ṣófo torí ìgbà ooru ni. Támárì ló máa ṣọ́ ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi sọ fún un. Ó sì kìlọ̀: bí ilé-iṣẹ́ bá gbọ́, gbogbo ẹni tí wọ́n bá bá níbẹ̀ ni wọ́n máa lé, kò ní sí ilé-iṣẹ́ kankan lágbègbè náà tó máa gbà wọ́n, wọ́n á sì kó ẹrù wọn síta, torí ilé-iṣẹ́ ló ni ilé tí wọ́n ń gbé.

Odile, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà nídìí ẹ̀rọ òdìkejì, kò jẹ́ kó sinmi láti àárọ̀. Ó ní Támárì ti di ìyá ìjọ. Ó ní bóyá ó ti rí ọkọ olówó tí kò fẹ́ kí tálákà bíi tòun mọ̀. Támárì mi orí. Odile bá kọ ẹ̀yìn sí i pátápátá. Ẹ̀yin ọmọ, kí ọ̀rẹ́ kọ ẹ̀yìn síni máa ń dunni ju èébú lọ, ojú mi ti rí i.

Támárì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Alábòójútó kò sí nítòsí. Ọ̀gbẹ́ni Pruett nìkan ló kọjú sí ọ̀dọ̀ wọn, àlejò tí ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí wọ́n ní ó wá yẹ aṣọ wò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ funfun, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bíi ti dókítà. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ètè? Támárì ju èkírí òwú lu Odile lẹ́yìn, ọmọbìnrin náà sì yíjú padà.

"Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, nínú abà yìnyín," ni ètè Támárì wí. "Bàbá mi ló máa sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, má sọ fẹ́nì kankan."

Odile lajú, ó rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n tún di ọ̀rẹ́. Inú Támárì dùn, ṣùgbọ́n kò pẹ́.

Òwú já nídìí ẹ̀rọ ìyá àgbà Ogden, tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ojú ìyá náà ti ń ṣe bàìbàì, kò rí òwú tuntun fi bọ inú ọ̀kọ̀, igi ṣóńṣó tó ń gbé òwú sáré kiri nínú ẹ̀rọ. Ọ̀gbẹ́ni Pruett na ọwọ́ gbà á. Ó gbé ọ̀kọ̀ náà sẹ́nu, ó fi ètè fa ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òwú sì yọ. Kò tilẹ̀ wo ohun tó ń ṣe. Ó dá a padà fún ìyá àgbà, ó nu ẹnu, ó sì gba ọ̀nà ọ́fíìsì lọ.

Támárì rí gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò dàgbà nídìí ẹ̀rọ kò lè fi ètè fa òwú bẹ́ẹ̀. Ahunṣọ tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe amí ni ọkùnrin náà, gbogbo ohun tí òun sọ ló sì ti kà.

Ó yẹ kó sáré lọ bá bàbá rẹ̀ nígbà náà. Kò lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá ìyá rẹ̀ fọ abọ́, ó sì tètè lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́ bó ṣe ń nu bàtà ìsìn rẹ̀, Támárì sì jókòó tì í. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá, ó ní orí ló ń fọ́ òun. Ìbínú bàbá ló ń bà á lẹ́rù, ó sì ń tan ara rẹ̀ pé bóyá ọkùnrin náà ò rí òun dáadáa.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ámósì wà láàárín àwọn akọrin níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọjú sí ìjọ. Nígbà tí wọ́n dìde fún orin ìkẹyìn, Támárì bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ni Pruett wà lórí ìjókòó ìkẹyìn, òun àti àwọn ọkùnrin fìrìgbọ̀n méjì. Bí orin yìí bá parí, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ni bàbá rẹ̀ máa gbà jáde tààrà sí abà yìnyín. Ọkùnrin náà kò lè rí ètè rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ahunṣọ ni gbogbo akọrin. Ohun tó bá sọ fún bàbá rẹ̀, gbogbo wọn ló máa kà á.

Ó dákẹ́ orin, ó sì la ẹnu.

"Bàbá, mo ti tú àṣírí. Ahunṣọ ni ọkùnrin tó wà lẹ́yìn yẹn, ó ka ètè mi. Ẹ má lọ."

Ohùn Ámósì já láàárín orin. Àwọn yòókù ń kọrin lọ, ṣùgbọ́n ojú wọn ń bọ̀ sára Támárì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà Ogden, tó wà láàárín àwọn akọrin, pa ìwé orin rẹ̀ dé. Ìtìjú bo ọmọ náà débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Lẹ́yìn ìsìn, kò sẹ́ni tó lọ sí abà yìnyín. Wọ́n dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún àti òjò. Ṣùgbọ́n Pruett ti ka "bàbá mi" pẹ̀lú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀ṣọ́ dá Ámósì dúró lẹ́nu géètì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹrù wọn ti wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin.

Bàbá rẹ̀ kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ìsinmi. Támárì lọ bá a níbi tó ti ń so sítóòfù mọ́ kẹ̀kẹ́.

"Bàbá, ẹ nà mí."

"Kí n nà ọ́ ṣe kí ni? Ohun tó o sọ nídìí ẹ̀rọ ló lé wa jáde. Ká ní o ò sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, gbogbo àdúgbò yìí ni ì bá máa di ẹrù." Ó fa okùn náà le. "Àmọ́ láti ọjọ́ Ẹtì lo ti mọ̀, Támárì. Inú ilé kan náà la jọ wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju pàṣán lọ.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń lọ, Odile dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń sunkún, ètè rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Támárì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu tirẹ̀, kí Odile nìkan lè rí ètè rẹ̀, kó tó dá a lóhùn. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń fi ọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ̀rọ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ nígbà òtútù, Pruett kò gbọ́.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ pa àṣírí mọ́, bí ọ̀rẹ́ tilẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí yín. Ṣùgbọ́n bí ètè bá ti ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kó tètè jẹ́wọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fi bẹ̀rù, ọ̀tá yín ló ń fi í ṣiṣẹ́.