Àwọn Bàsíà Inú Gbọ̀ngàn

Ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n bá. Gbogbo búlọ́ọ̀kù alámọ̀ tí Dora, ayàwòrán-ilé, tò sẹ́yìn gbọ̀ngàn àtijọ́ yunifásítì kan l'Ókìtìpupa ti yọ́.

Dora káwọ́ lérí. Yàrá tí kò nílò jẹnẹrétọ̀ ló fẹ́ fi wọ́n kọ́ mọ́ ara gbọ̀ngàn: ògiri amọ̀, fèrèsé ńlá fún atẹ́gùn, òrùlé tó ń gbe òjò. Ìgbìmọ̀ yunifásítì ti ṣèlérí pé bí búlọ́ọ̀kù bá yege nínú ìdánwò ní Mọ́ńdè, wọn ò ní í wó gbọ̀ngàn. Bí kò bá yege, katapílà ni. Mọ́ńdè ti mọ́ yìí o!

"Òjò àná ni," Vincent wí. Òun ni agbaṣẹ́ṣe tó ni katapílà.

"Òjò kì í ká tapólì," Sájẹ́ńtì Hàwáù, ọlọ́pàá tí wọ́n pè, dá a lóhùn. Ẹnìkan ti rọra ká tapólì tó bo búlọ́ọ̀kù, ó sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Vincent, níbo lẹ wà lánàá?"

"Ìkómọ, l'Óde-Ìrèlè. Ẹ pè wọ́n!"

Hàwáù pè wọ́n. Òótọ́ ni.

Bàbá Dominic, olùtọ́jú gbọ̀ngàn, ṣílẹ̀kùn fún wọn. Fèrèsé wà ní títì, ilẹ̀ gbẹ. Bàsíà mẹ́ta tó wà lábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò kún fún omi òjò.

"Dora, ìgbà wo lẹ wọlé kẹ́yìn? Ṣé bàsíà wà níbí?" Hàwáù béèrè.

"Sátidé ni, kò sí bàsíà kankan. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá, mo wọn gbogbo ilẹ̀, mo sì dá a padà."

"Bàbá, ìgbà wo lẹ wọlé kẹ́yìn?"

"Fúráìdé. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà lánàá, n'Íyànsàn."

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi nìkan."

"Ta ló mọ ibi tí òrùlé ti ń jò?"

Bàbá gbójú sókè wo òrùlé.

"Ẹni tó ká tapólì rí i pé òjò ṣú, òun náà ló gbé bàsíà kalẹ̀," Hàwáù wí. "Ó fẹ́ kó ba búlọ́ọ̀kù jẹ́, àmọ́ kò fẹ́ kó kan gbọ̀ngàn. Bàbá, ẹ̀yin ni."

Bàbá jókòó sílẹ̀. "Èmi ni, ọmọ mi. Bàbá mi ló mọ ògiri yìí. Mo rí ibi tí Dora fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, tí wọ́n fẹ́ dá lu. Mo ní bí amọ̀ bá yọ́, wọn á fi wá sílẹ̀."

Dora bú sẹ́kún. "Yàrá yẹn ló fẹ́ gba gbọ̀ngàn là, Bàbá! Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

"Ta ló ń sọ nǹkan fún èmi?"

"À ń gba òròmọadìẹ lọ́wọ́ ikú," Vincent rọra wí, kò parí ẹ̀.

Hàwáù pe ìgbìmọ̀, ó bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní búlọ́ọ̀kù ò yege, àwọn á wó gbọ̀ngàn. Hàwáù ti mú ọ̀daràn, kò sì rí nǹkan kan gbà là. Ojú tì í.

Katapílà bú ramúramù níta. Bàbá Dominic dìde, ó rọra gbé bàsíà kan kí omi má baà dà sílẹ̀. Ó lọ dà á nù níta. Ó tún padà wá gbé ìkejì.