Bàálù Tí Bàbá Àgbà Kò Fọwọ́ Sí

Bí mo ṣe ka àròkọ mi tán, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Mo ti ròyìn bí bàbá àgbà mi ṣe wa bàálù ogun fún orílẹ̀-èdè kékeré kan létí òkun, bó ṣe ń dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ìkùukùu bí àwòdì. Olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Oyèlárán, bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Mojíre, ìwọ ni yóò ṣojú ilé-ìwé wa nínú ìdíje ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ o. Fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yìí pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó o kọ. Ọ̀la ni wọ́n máa gbà á kẹ́yìn."

Inú mi dùn débi pé mi ò gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ìwé girama ni mo ti ń wá ọ̀nà àtilọ sí ìdíje yẹn.

Ẹ má tíì pè mí ní òpùrọ́. Gbogbo agboolé wa ní Ìrẹmọ ló ń pe bàbá àgbà ní Páílọ́ọ̀tì. Ọlọ́kadà ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá oníbúrẹ́dì ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ta ni tí n óò máa wádìí? Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, mo bá a níbi tó ti ń tú jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ gbé bàálù ogun yẹn fò?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Mi ò wa bàálù rí láyé mi. Mẹkáníìkì ni mí."

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè yín ní Páílọ́ọ̀tì?"

"Lójú àwọn ará ilé wa, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nídìí bàálù, páílọ́ọ̀tì ni. Mo ṣàlàyé títí, ó sú mi."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì jókòó. "Bàálù ogun mẹ́ta péré ni orílẹ̀-èdè tí mo bá ṣiṣẹ́ ní. A tú méjì palẹ̀ kí ẹ̀kẹta lè máa rí nǹkan fi fò. Láràárọ̀, èmi ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí mo sì máa ń fọwọ́ sí ìwé pé ó dára. Bí mi ò bá fọwọ́ sí i, awakọ̀ ò gbọdọ̀ gùn ún. Lọ́jọ́ àjọ̀dún òmìnira wọn, mo rí i pé irin ẹsẹ̀ bàálù náà ti sán, tín-ín-rín báyìí. Mo ní mi ò fọwọ́ sí i. Ọ̀gá mi jágbe mọ́ mi. Mo ní rárá."

"Ó wá já lulẹ̀?" Mo ti ń fojú inú rí àròkọ tuntun.

"Ó já kẹ̀? Wọ́n ní kí ẹlòmíràn fọwọ́ sí i. Ó fò, ó yípo lẹ́ẹ̀mẹta, ó balẹ̀ láyọ̀. Wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lé mi."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wá ṣàṣìṣe ni, Bàbá?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Mo rí i pé ó sán. Ṣé kí n wá fọwọ́ sí i pé kò sán?"

Ọkàn mi dàrú pátápátá. Ká ní bàálù náà já ni, akọni ni wọn ì bá máa pe bàbá àgbà. Ká ní ó fọwọ́ sí i ni, iṣẹ́ rẹ̀ ì bá má bọ́. Kò rí èyí, kò rí tọ̀hún. Irú ìtàn wo nìyẹn?

Lọ́jọ́ kejì, mo di bírò mú níwájú fọ́ọ̀mù. Ọ̀rẹ́ mi Tìmílẹ́hìn, tí mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún, rọra sọ sí mi létí: "Fọwọ́ sí i jàre! Ta ló máa lọ wádìí ní Ìrẹmọ?"

Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n tilẹ̀ wádìí pàápàá, gbogbo Ìrẹmọ ni yóò búra pé páílọ́ọ̀tì ni. Kò sẹ́ni tó lè mú mi. Síbẹ̀, mo rántí irin tó sán yẹn, mi ò sì fọwọ́ sí i. Mo gbé fọ́ọ̀mù náà tọ Ọ̀gbẹ́ni Oyèlárán lọ, mo sì jẹ́wọ́.

Ó bi mí pé: "Kí ló dé tó ò kọ́kọ́ bi bàbá àgbà rẹ léèrè kó o tó kọ ọ́?" Kò sí àyè láti kọ òmíràn mọ́, nítorí náà àròkọ Tìmílẹ́hìn ni wọ́n fi ránṣẹ́. Gbogbo sáà yẹn ni wọ́n fi ń pè mí ní Páílọ́ọ̀tì nínú kíláàsì, tí wọ́n sì ń na apá bíi bàálù bí mo bá ti ń kọjá.

Mo sọ fún bàbá àgbà. Mo rò pé yóò yìn mí.

"Ó dùn ọ́?" ni ó bi mí.

"Ó dùn mí gan-an, Bàbá."

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ogójì ọdún rèé, tèmi náà ṣì ń dùn mí."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, wọn kì í sọ èyí fún wa: èèyàn lè ṣe ohun tó tọ́ kó má rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, kó má tilẹ̀ mọ̀ bóyá òun gbọ́n tàbí òun gọ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè kẹ́ ẹ tó sọ. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ pé ohun kan kì í ṣe òótọ́, ẹ má fọwọ́ sí i, ì báà jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Mi ò dé Òṣogbo, ó sì ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ò sí lábẹ́ irọ́.