Ọ̀gágun Orí Ibùsùn

"Ọ̀gágun Orí Ibùsùn ti jí àbí kò tíì jí?"

Ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin kan ló béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kò fẹ́ dá wà. Bàbá rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Oríkèé ń ro ó, orí ń fọ́ ọ, àárẹ̀ kì í lọ lára rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan.

Nígbà tí ọmọ náà délé, bàbá ṣì wà lórí ibùsùn. Inú bí i.

"Bàbá, dókítà ò kúkú rí nǹkan kan. Ọ̀lẹ lẹ̀ ń ṣe!"

Bàbá yíjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò kérora mọ́. Ilé pa lọ́lọ́; oníkálùkù ń jẹun ní yàrá tirẹ̀.

Nígbà tí bàbá àti ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà tuntun kan tó jẹ́ obìnrin, bàbá nàró ṣánṣán bí ẹni tí ọ̀gá ológun ń yẹ̀ wò.

"Ara mi le, dókítà!"

"Kò síbi tó ń dùn yín, sà?"

"Kò sí!"

Dókítà ń pa fáìlì dé. Ọmọ náà mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ó parí nìyẹn.

"Irọ́ ni, mà. Èmi ni mo pè wọ́n lọ́lẹ. Wọn kì í rí oorun sùn."

Bàbá wò ó títí, ó rọra jókòó, ó sì tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀: èéfín ike àti epo tí wọ́n ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ ológun lójú ogun, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín síbi tí wọ́n ń sùn, bọ́ǹbù tó ń bú nítòsí.

"Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó lè jẹ́ gbogbo rẹ̀," dókítà ní. "A ò tíì mọ̀ dájú. Ṣùgbọ́n àìsàn tí a ò mọ orúkọ rẹ̀, àìsàn náà ni. Mo ti wá mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀."

Lójú ọ̀nà, bàbá gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Rọra rìn, ọmọ mi. Eékún òsì yìí ló ń dùn mí jù."

Ó ti pẹ́ tí bàbá ti sọ ibi tó ń dùn ún. Ọmọ náà dẹ ẹsẹ̀. Lóòótọ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àmọ́ ẹni tó fi ẹ̀gàn pa aláìsàn lẹ́nu mọ́ ti dá kún àìsàn náà.