Tutela fún Èémí Crisanto

Crisanto jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó kọjú sí odò Atrato ní ilẹ̀ Colombia, ó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun òkè. Pascuala, ìyàwó rẹ̀, ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ nígbà tí Yirlesa, ọmọ àdúgbò, yà kí wọn.

"Ìyá, wọn ò tíì gbé àgbá afẹ́fẹ́ náà wá?"

"Wọ́n ní ká padà wá lọ́la. Ọ̀la wọn ò lópin, ọmọ mi."

Dókítà ti ní kí bàbá máa fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú àgbá nílé. Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ìtọ́jú rẹ̀ kò sọ pé àwọn ò ní fún un, wọn ò sì gbé e wá. Yirlesa ń kọ́ òfin ìlera ní yunifásítì. Irú ọ̀la bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ ń dúró dè tó fi kú.

"Ẹ jẹ́ ká gbé tutela lọ síwájú adájọ́."

Pascuala ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Kí n pe Nọ́ọ̀sì Deyanira tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lẹ́jọ́? Ọmọ tó ń wá fún ọkọ mi lábẹ́rẹ́ nínú òjò? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Lóyà wo la tiẹ̀ ní?" Crisanto mí kanlẹ̀. "Ìyàwó mi ò mọ̀wé kọ. Ká bú ọkọ ló mọ̀."

"Ẹ dákẹ́ jàre, ẹ fi èémí yẹn pamọ́!"

Yirlesa rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe Deyanira, ìyá. Ilé-iṣẹ́ náà ni. Tutela kì í ṣe ìjà, ààbò ni ìtumọ̀ rẹ̀: à ń bẹ adájọ́ pé kó dáàbò bo ẹ̀tọ́ wa. Kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá gba lóyà. Ẹni tí ò mọ̀wé kọ lè fẹnu sọ ọ́."

"Ẹnu mi yìí?"

"Ẹnu yín yẹn náà."

Ní kóòtù, akọ̀wé ní kí Pascuala máa wí. Ó fọwọ́ mú etí tábìlì.

"Ọkọ mi ò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ìjókòó ni wọ́n ń sùn. Èmi náà ń jókòó tì wọ́n, kí n lè máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí."

Akọ̀wé ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń sọ ọ́, kò yọ ọ̀rọ̀ kan. Orí Yirlesa wú. Ó ti kọ́ òfin yìí sórí fún ìdánwò, ó sì rò pé òun mọ̀ ọ́n. Àṣé kò tíì rí i rí. Obìnrin tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, odindi òfin ilẹ̀ Colombia sì dákẹ́, ó ń gbọ́.

Adájọ́ kò dúró kí ẹjọ́ parí. Ó pàṣẹ kí wọ́n gbé afẹ́fẹ́ náà lọ lójú ẹsẹ̀.

Deyanira fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbé e wá. Bó ṣe ń fi rọ́bà sí imú bàbá, ó rọra sọ pé, "Ìyá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà pé kẹ́ ẹ lọ bá adájọ́."

Crisanto dùbúlẹ̀. Ó sùn.

Ẹ̀yin ará wa, bí dókítà bá kọ ìtọ́jú fún yín, tí wọ́n wá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, ẹ má jókòó sílé. Ẹ mú ìwé dókítà dání, ẹ lọ bá adájọ́ tó sún mọ́ yín. Bí aláìsàn ò bá lè rìn, ará ilé lè sọ̀rọ̀ fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí adájọ́ lè tètè pàṣẹ. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ń bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀mí èèyàn yín lẹ dì mú.