Ẹnu Tó Ń Fa Oògùn Jáde

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Kàsìmáwò ti kọ́kọ́ rí Ajíbóyè, ní agboolé wọn ní àdúgbò Albarika, tó ń kán oògùn sí imú Sàfúrátù, tó sì ń bẹ ọmọ náà bí ẹni ń bẹ àna.

Ayé ìjọba sósíálísì, ìgbà tí gbogbo wa ń jẹ́ kámáráàdì, ni. Ajíbóyè, ọmọ Ṣábẹ̀, wà lára àwọn tó ń dán oògùn imú wò, bóyá á lè gba ọmọdé lọ́wọ́ ikọ́ líle. Oṣù mẹ́ta, oògùn ò jẹ́. Dókítà ti ní àwọn á palẹ̀ mọ́.

Sàfúrátù sín. Kàsìmáwò, tó ń tọ́ ọmọ yìí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kú fi sílẹ̀, gbé e, ó fi ẹnu fa ikun imú rẹ̀, ó tu ú sílẹ̀.

Ajíbóyè lanu. "Ṣé bí gbogbo yín ti ń ṣe nìyí?"

"Kámáráàdì, ta ni kì í fa ikun ọmọ rẹ̀? Àbí ọ̀ṣọ́ lẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ ń fi tiyín ṣe?"

"Ha! Oògùn wa lẹ ti ń fà jáde láti oṣù mẹ́ta!"

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti jọ ń lọ láti ilé dé ilé. Kàsìmáwò á ní, "Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la kí ẹ tó fà á." Àwọn ìyá ń gbọ́ tirẹ̀, dókítà ò sì palẹ̀ mọ́ mọ́.

"Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ," Ajíbóyè wí. "Ìwọ, o ò ní gbọ́ tèmi?"

"Sọ ọ́ ná."

Ó ní òun fẹ́ fi í ṣe aya. Ṣùgbọ́n Bàbá Gàní, baba Kàsìmáwò, tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè, kò fẹ́ ọmọ ìjọ Kírísítì nínú ilé mùsùlùmí. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pe Ajíbóyè sí ìsọ̀.

"Búra pé ikọ́ ò ní pa Sàfúrátù, kí n fún ọ ní Kàsìmáwò."

Ojú ni Kàsìmáwò, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba, fi ń bẹ Ajíbóyè: búra, jọ̀ọ́.

Ajíbóyè dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, mi ò lè búra. A ṣì ń dán an wò ni. Kí n máa wá wò ó lójoojúmọ́ nìkan ni mo lè ṣèlérí."

Kàsìmáwò sorí kọ́. Baba ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó tú u, ó tún ká a.

"Ẹni tó tọ́jú ìyá ọmọ yìí búra fún mi. Mo sì sin ọmọ mi." Ó gbé aṣọ náà sílẹ̀. "Dìde, àna mi. Ẹni tí kò lè torí obìnrin parọ́, kò ní parọ́ fún un."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Sàfúrátù wà níbẹ̀ láàyè. Wọ́n ti kán oògùn sí i nímú láàárọ̀. Ó sín. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé imú, ó rántí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu.

Ọkọ ìyàwó fi etí aṣọ tuntun rẹ̀ rọra nù ún. "Ó di ọ̀la," ó wí.

"Ó di ọ̀la, olówó orí mi."