Ohun Tí Etí-Ìran Gbọ́ ní Ọ̀nà Òkè

Ẹni tí ó ń sọ ìtàn yìí ni Ọlátúbọ̀sún, ọmọ Àjàní, ọ̀kan nínú àwọn tí a fi ọkọ̀ kó kúrò ní Òkè-Àdán nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ kú. Ẹ̀yin tí ó ń sọ ọ́ fún ni ọmọ tí a bí sí àdúgbò Àtìpó ní Agbede, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ orúkọ òkè náà lẹ́nu òbí yín ṣùgbọ́n tí ẹ kò fi ojú rí i. Kò sọ ọ́ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó ń sọ ọ́ nítorí pé àwọn tí ó ṣojú wọn kò fẹ́ sọ ọ́ mọ́.

Ní ayé ìgbà náà, òjò kì í rọ̀ fúnra rẹ̀. Òfurufú ti gbóná débi pé ìkùukùu a máa kọjá lórí ilẹ̀ bí àlejò tí a kò fún ní ìjókòó. Ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Apèjò ni ó ń pè é sílẹ̀. Agbede, olú-ìlú, ni Apèjò dúró sí, ó sì ń pín òjò sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin méjì tí ó ti ibẹ̀ jáde: Ọ̀nà Ọ̀sà, tí ó gba ìsàlẹ̀ lọ sí etí omi, àti Ọ̀nà Òkè, tí ó gba àríwá lọ sí àwọn ìlú orí àpáta. Ibi tí ojú irin kò dé, ènìyàn kò gbé ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó yá, Apèjò bẹ̀rẹ̀ sí í darúgbó. Àwọn tí ó mọ bí a ṣe kọ́ ọ ti kú tán, agbára rẹ̀ sì kù sí ti ọ̀nà kan ṣoṣo.

Èwo ni kí a jọ̀wọ́ fún ikú? Ọ̀nà méjèèjì ní oko, méjèèjì ní ènìyàn. Igbìmọ̀ Omi jiyàn títí ó fi sú wọn. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé ilẹ̀ tí ojú ènìyàn bá fẹ́ràn jù ni kí a dá sí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tí ó bá pàdánù yóò gbà láti kó lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ará ìlú dìbò, olúkúlùkù yóò dìbò fún ilé bàbá rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé Ọ̀jẹ́wùmí, ọ̀dọ́bìnrin kan, ni ó wá ọ̀nà àbáyọ. Kò sí ohun tí arìnrìn-àjò ọ̀nà jíjìn ń ṣe nínú ọkọ̀ ju kí ó fi ìran wé ìran lọ. Nítorí náà ó kọ́ ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí kò nípọn ju ìpẹ́ ẹja lọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè fèrèsé gbogbo ọkọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Etí-Ìran. Ẹ̀rọ náà mọ ibi tí ọkọ̀ dé. Ó ń gbọ́ ohun tí ẹni tí ó ti gba ọ̀nà méjèèjì rí bá sọ nípa ohun tí ó ń rí, ó sì ń wọn ìfẹ́ àti ẹ̀gàn inú rẹ̀. Ìdákẹ́ ni ó kà sí ẹ̀gàn tí ó burú jù, nítorí ìran tí ènìyàn kò rí nǹkan kan sọ sí, kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jẹ́wùmí ṣe rò ó.

Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ búra pé àwọn kò ní sọ. Ọ̀jẹ́wùmí fúnra rẹ̀, ọmọ Òkè-Àdán ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Agbede ni ó ti kàwé láti kékeré. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ṣe ojúsàájú, ó di etí ẹ̀rọ náà sí ohùn tirẹ̀, ó sì ní kí Igbìmọ̀ má gba àlàyé lẹ́nu ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kàn. Kò bẹ̀rù. Ó rántí bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lẹ́yìn Àpáta Àdán. Ta ni yóò rí i tí kò ní yìn ín?

Nígbà tí ọjọ́ ìdájọ́ ń súnmọ́, òṣùwọ̀n ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, èyí sì yà á lẹ́nu. Ó ti rò pé Ọ̀nà Òkè yóò ti borí tipẹ́.

Ọkọ̀ ìkẹyìn tí a ó wọ̀n ni ọkọ̀ tí ó gbé àwọn àna rẹ̀ lọ sí Òkè-Àdán láti tọrọ Ọ̀jẹ́wùmí fún Abíọ́nà, ọmọkùnrin Ìyá Kúkọ̀yí ti Ẹ̀bá-Ọ̀sà. Ìyá Kúkọ̀yí ti ṣòwò ẹja gbígbẹ dé àwọn ìlú òkè nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé Òkè-Àdán rí. Bàbá ìyàwó, Bàbá Ọ̀jẹ́lábí, ti lọ wo ilé ọkọ ní etí ọ̀sà lóṣù tí ó ṣáájú, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n wá pàdé àwọn àna ní Agbede láti sìn wọ́n gòkè. Ìdílé méjèèjì ni ó kún yàrá ọkọ̀ náà. Ọ̀jẹ́wùmí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Àna mi, ẹ má bínú o," ni Ìyá Kúkọ̀yí wí, bí ó ti ń yọjú wòta. "Láti àárọ̀ ni a ti ń lọ, òkúta kan náà ni mò ń rí. Ṣé òun ni ẹ ń jẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọ̀jẹ́lábí tún fìlà rẹ̀ dé.

"Òun náà ni, Ìyá. Ẹ rọra máa rún un o, kí eyín tí ẹ fi ń jẹ ẹja má baà kán."

"Ẹ̀yin náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Agbede, omi ni. Omi lọ́tùn-ún, omi lósì. Ẹyẹ funfun a tò sórí igi bí aṣọ tí wọ́n sá. Ẹni tí ó bá sùn ní ọ̀nà tiwa, ó jẹ ojú rẹ̀ ní gbèsè."

"Mo rí i, Ìyá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ará ilé pé ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Tiwa yìí, ọ̀nà ewúrẹ́ lásán ni. Eruku ni, koríko gbígbẹ ni. Ẹ forí jì wá tí a ní kí ẹ gba ibẹ̀ wá."

"Ó máa ń sú àwa gan-an," ni arábìnrin Bàbá Ọ̀jẹ́lábí fi kún un. "Oorun ni mo máa ń sùn dé ilé."

Etí-Ìran ní iná bíńtín kan tí Ọ̀jẹ́wùmí nìkan mọ bí a ṣe ń kà á. Iná náà ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà yìí ni ó tó yé e. Ní Òkè-Àdán, onílé kì í yin ilé rẹ̀ lójú àlejò. Bí ọbẹ̀ bá dùn, ẹni tí ó sè é yóò ní omi iyọ̀ lásán ni. Bí ó bá ti ń bu nǹkan rẹ̀ kù tó ni ó fẹ́ràn rẹ̀ tó, àlejò tí ó bá ní làákàyè a sì mọ̀. Àwọn ará ọ̀sà ní tiwọn, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àna, wọn a sì máa fọ́nnu bí ẹni tí ń fi orin wa ọkọ̀ ojú omi. Kò sí èyí tí ó burú nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n báyìí ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nínú gbogbo ọkọ̀, láti ọjọ́ tí ó ti lẹ ẹ̀rọ náà mọ́ ògiri.

"Bàbá," ni ó wí, "ẹ má bú ilẹ̀ wa tó bẹ́ẹ̀."

"Ìyàwó kì í bá àgbà du ọ̀rọ̀ níwájú ìyá ọkọ," ni bàbá rẹ̀ fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀," ni Ìyá Kúkọ̀yí wí. "Àárò ilé ti ń sọ ọ́ kí ó tó kúrò nílé."

Gbogbo wọn tún rẹ́rìn-ín. Ìbúra tí ó ṣe kò jẹ́ kí ó lè sọ ìdí rẹ̀. Ó di etí àga mú, ó sì wá sọ fún ara rẹ̀ pé àpáta kù. Bí wọ́n bá dé ibi àpáta, ẹnu wọn yóò là.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ọkọ̀ yí igun ìkẹyìn. Àpáta Àdán dìde lójijì, ó ga, ó pupa bí osùn, ojú ọ̀run sì tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀. Láti inú ihò rẹ̀ ni àwọn àdán ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, wọ́n ń gòkè bí èéfín tí kò lópin, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń nà, títí òjìji wọn fi gba orí ọkọ̀ kọjá.

Gbogbo ará Òkè-Àdán dìde. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Kò sí ẹni tí ó fọhùn, nítorí a kì í fi ẹnu kí àpáta náà. Ojú ni a fi ń kí i.

Ìyá Kúkọ̀yí náà dìde. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Bàbá Ọ̀jẹ́lábí rọra gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka kan ètè. Ó mi orí sí i bí ẹni tí ń bẹ̀ ẹ́. Ìyá Kúkọ̀yí pa ẹnu dé.

Báyìí ni wọ́n ṣe kọjá níbẹ̀. Etí-Ìran kò gbọ́ nǹkan kan ju dídún kẹ̀kẹ́ lórí irin. Iná rẹ̀ kú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nínú ilé Bàbá Ọ̀jẹ́lábí, Ìyá Kúkọ̀yí ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, pé omi inú abọ́ ni ọ̀sà wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ léraléra. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ilé náà.

Ọ̀jẹ́wùmí padà lọ bá Igbìmọ̀ Omi. Olóyè Sówándé, àgbà wọn, gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Wọn kò purọ́, Bàbá," ni Ọ̀jẹ́wùmí wí. "Ìtẹríba ni. Ìdákẹ́ wọn, kíkí ni. Ẹ̀rọ mi kò mọ ìwà."

"Ta ni ó yẹ kí ó kọ́ ọ ní ìwà?"

"Èmi ni."

"Níbo ni ilé bàbá rẹ?"

"Òkè-Àdán ni, sà."

"Ìwọ ni o jókòó síbí, o ní kí a má gba àlàyé lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn." Kò pariwo mọ́ ọn, ó sọ ọ́ bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn. "Ará ọ̀sà ti gbọ́ pé àwọn ni a ó dá sí. Bí a bá ní a ó tún un wọ̀n, wọn yóò mú àdá. Apèjò kò sì ní dúró dè wá. Máa lọ, ọmọ mi."

Wọ́n yí Apèjò sí ìsàlẹ̀. Ní ọdún náà, koríko Ọ̀nà Òkè di eérú láì sí iná. Kànga gbẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, àwọn àdán jáde, wọn kò sì padà.

Ọ̀jẹ́wùmí jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀ ní iwájú ilé, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù.

"Ẹnu mi ni nígbà náà," ni bàbá náà wí.

"Kì í ṣe ẹnu yín, Bàbá. Ẹ̀rọ mi ni."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́."

"Mo wà níbẹ̀."

"O sì ń gbọ́."

"Mò ń gbọ́, Bàbá."

Bàbá rẹ̀ jókòó lórí ẹrù kan.

"Mò ń rò ó bóyá bí o bá ti sọ fún mi, ǹ bá yìn ín." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Rárá. Níwájú àna? Ojú ì bá tì mí. Ǹ bá ṣì sọ pé ọ̀nà ewúrẹ́ ni."

Bí ó ti rí fún olúkúlùkù wọn nìyí.

Bàbá Ọ̀jẹ́lábí kò bá ọkọ̀ ìkẹyìn lọ. Ó kú ní Òkè-Àdán ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wá tú ojú irin ni ó sin ín.

Arábìnrin rẹ̀ kú sínú ọkọ̀ kí ó tó dé Agbede.

Ìyá Kúkọ̀yí gba àwọn ará Òkè-Àdán sí ilé rẹ̀ títí àyè fi tán. Ó kú ní Ẹ̀bá-Ọ̀sà, nígbà tí Apèjò dákẹ́ pátápátá, tí iyọ̀ gba oko wọn.

Olóyè Sówándé wà lórí àga Igbìmọ̀ Omi títí kò fi sí omi tí wọn ó pín.

Abíọ́nà fẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n bí ọmọ méjì. Ọ̀kan wà láàyè.

Ọ̀jẹ́wùmí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò ní àdúgbò Àtìpó. Kò ní ọkọ. Kì í wọ ọkọ̀ ojú irin.